Ojú Kejì Àwo Náà

Ẹni tó ń ra àwo orin àlòkù gbé àwo kọ̀ọ̀kan síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó ń wo ibi tí abẹ́rẹ́ ti jẹ wọ́n. Opó tó kó wọn wá dúró tì í, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Àwo ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì olókìkí tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ràn ni, àwọn tí orin wọn kan lè gba ogún ìṣẹ́jú.

"Màmá, màá ra gbogbo rẹ̀, àfi ìkeje yìí. Kò sẹ́ni tó ń béèrè rẹ̀. Ọmọ tí wọn kì í mú dání lọ sóde ni."

Obìnrin náà gbójú kúrò. Àwo yẹn ni ọmọbìnrin òun àti ọkọ rẹ̀ fẹ́ràn jù. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ọmọ náà, ọkọ rẹ̀ ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé àwo náà sórí ẹ̀rọ ìgbórin mọ́ nínú ilé.

"Abẹ́rẹ́ sì ti jẹ ẹ́ gan-an."

"Èmi ni. Tí baálé mi bá ti lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń gbọ́ orin àkọ́kọ́ lójú kìíní."

"Abẹ́rẹ́ ò jẹ ojú kìíní tó bẹ́ẹ̀, mà. Ojú kejì ló jẹ tán."

Láti ọjọ́ ìsìnkú yẹn, obìnrin náà kò fọwọ́ kan ojú kejì rí. Òun àti ọkọ rẹ̀ nìkan ló sì ń gbélé.

Ó fa àga, ó jókòó.

"Ọmọ mi, jọ̀ọ́, bá mi gbé ojú kejì yẹn sórí ẹ̀rọ."