Apẹja Tí Kì Í Mú Ẹja Bọ̀

Télọ̀ ń fi àbúrò rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àwọn oníbàárà.

"Ẹ wo apẹja wa! Gbogbo Sátidé ló ń gbé ìwọ̀ lọ sódò, ẹja kan ò bá a délé rí. Agbójúlẹ́ja fi ara ẹ̀ fébi ta!"

Ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín.

Àbúrò ń nu ẹrẹ̀ kúrò lára bàtà rẹ̀.

"Àbí àwọn ẹja ti mọ̀ ẹ́ lọ́lẹ ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, bàbá wa ló ń pẹja. Ẹ̀yìn ilé àwọn arúgbó tẹ́ ẹ fi wọ́n sí lodò náà wà. Wọn ò ríran mọ́, àmọ́ tí ẹja bá ti fa okùn lọ́wọ́ wọn, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kí n dá a padà sódò."

Oníbàárà tó ń wọ kóòtù wò yíjú padà.

"Télọ̀, ṣebí bàbá yín tá a wá bá yín sunkún òkú wọn lọ́dún tó kọjá nìyẹn?"