Fèrèsé Irin Létí Òkun

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ pààrọ̀ fèrèsé ilé yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ pa fóònù dé. Ẹ kà á tán. Ó ti rẹ̀ wá láti máa gbani nímọ̀ràn lówùúrọ̀, ká tún máa báni dárò nírọ̀lẹ́.

1.

Àlájì Kàsímù ń ta ìkòkò lọ́jà Jakande. Òun àti Waliyat ìyàwó rẹ̀ ń gbé ní Okun Ajah, níbi tí èèyàn ti ń gbọ́ ariwo òkun láti orí bẹ́ẹ̀dì. Waliyat ní ásímà. Bí atẹ́gùn kò bá ráyè wọ yàrá, èémí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi í ti fèrèsé wọn àtijọ́, títí igi rẹ̀ fi jẹrà.

Shamsudeen, ọmọ wọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Lẹ́kkí Free Zone, ní òun á bá wọn ra tuntun. Ó gbé fèrèsé alumíníọ̀mù kan wálé kí bàbá rẹ̀ lè wò ó. Àlájì fi ọwọ́ kan gbé e sókè, ó rẹ́rìn-ín.

"Ṣé fèrèsé nìyí àbí ìyẹ́ adìyẹ? Ìkòkò tó bá fúyẹ́, mi ò kì í tà á fún kọ́sítọ́mà mi. Èyí tó bá wúwo ni oríjínà. Irin ni mo fẹ́, bíi ti ọ̀rẹ́ mi Àyúbà n'Ìbàdàn. Tiẹ̀ ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, kò mira."

"Bàbá, Ìbàdàn kò sí létí òkun. Iyọ̀ wà nínú atẹ́gùn ibí. Ẹ wo géètì ará iwájú wa bó ṣe jẹ."

"Géètì tiwọn, kì í ṣe oríjínà nìyẹn."

Waliyat kò bá wọn jiyàn. "Àlájì, èyí tó bá ṣáà ti lè ṣí ni kí ẹ rà," ló sọ. Ọ̀rọ̀ yìí kò le rárá. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ti ń fọwọ́ díwọ̀n ìkòkò láti kékeré, ta ló fẹ́ kọ́ ọ ní ohun tó wúwo?

2.

Irin dé. Ó rẹwà, ká sòótọ́. Àwọn aládùúgbò ń kí i kú oríire, Àlájì náà ń fi ìka kàn án kó-kó-kó, ó ń ní, "Ẹ gbọ́ dídún ẹ̀." Òjò ọdún yẹn kò tíì dá tí ìpẹtà fi yọ ní igun-igun rẹ̀. Kí ọyẹ́ tó dé, fèrèsé yàrá ti di ohun tí èèyàn méjì ń tì kó tó ṣí.

Ẹ̀yin ará, ibí yìí ló yẹ kó ti sọ pé "Mo ṣìṣe." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó ra ọ̀dà, ó kùn ún bo ìpẹtà mọ́lẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ má baà rí i. Nígbà tí ọ̀dà gbẹ, ó lẹ fèrèsé pa. Àlájì ní kò burú, pé fáànù ṣáà wà. Kò rántí sọ pé iná kì í sábà sí.

3.

Ògiri yàrá bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù bu, ó dúdú. Waliyat ń wúkọ́ ṣáá, orí ìjókòó ló ti wá ń sùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èémí kọ̀, wọ́n sáré gbé e lọ sí ọsibítù.

Nígbà tí ara rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀, dókítà bi í léèrè: "Màmá, ṣé ẹ máa ń ṣí fèrèsé ilé yín?"

Waliyat wo ọkọ rẹ̀. Ó rí i bó ṣe tẹrí ba, àánú rẹ̀ sì ṣe é.

"A máa ń ṣí i dáadáa, dókítà."

Àlájì dákẹ́. Dókítà kọ oògùn mìíràn fún un, ó ní kí wọ́n máa lọ sílé. Inú yàrá kan náà ni wọ́n padà sí.

4.

Nígbà kejì tí èémí kọ̀, díẹ̀ ló kù kó bá a lọ. Rùkáyàt ọmọbìnrin wọn fi mọ́tò wá gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ilé rẹ̀ n'Ìbàdàn. Ìgbà náà ni Àlájì tó gba ọ̀rọ̀ Shamsudeen. Wọ́n gé irin kúrò, wọ́n fi alumíníọ̀mù sí i. Atẹ́gùn òkun wọlé, inú rẹ̀ dùn, ó wọkọ̀ ó di Ìbàdàn.

"Ìyá Shamsu, mo ti yọ ọ́. Ilé ti tutù. Dìde ká máa lọ."

Waliyat kò bínú. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá ìbínú.

"Ẹ ṣeun, Àlájì. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò bá yín lọ."

"Kí ló tún kù? Fèrèsé ti ń ṣí."

"Lọ́jọ́ tí mo purọ́ fún dókítà, ẹ̀yin ni mo fi bò láṣìírí. Mo rò pé ẹ̀yin fúnra yín á ní, 'Rárá, dókítà, kì í ṣí.' Mo wo ẹnu yín títí. Ẹ jẹ́ kí n gbé irọ́ yẹn padà sínú yàrá." Ó mí kanlẹ̀. "Irin kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù, Àlájì. Ẹ̀yin ni."

Òun nìkan ló padà sí Ajah. Títí di òní, fèrèsé ilé rẹ̀ ń ṣí, kò sì sẹ́ni tó ń ṣí i fún.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ìkìlọ̀ rèé. Ẹ má torí pé nǹkan wúwo kí ẹ rà á, ẹ má sì fi ilé ọ̀rẹ́ yan fèrèsé ilé yín. Ohun tó tọ́jọ́ n'Ìbàdàn lè máà tọ́jọ́ létí òkun. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé ta ló fẹ́ máa mí nínú yàrá yẹn. Tí ẹ bá sì ti ṣìṣe, ẹ tètè sọ ọ́ jáde, ẹ má kùn ún lọ́dà, torí fèrèsé ṣeé pààrọ̀, ọkàn tó ti sú kì í tètè padà. Ẹ bá wa fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń tún ilé ṣe lọ́wọ́. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: ilé là á wò, kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.