Òpìpí Tó Ń Ṣa Ojúlówó Ọmọ

Ẹ múra ègbè, ẹ̀yin ará ilé; orí Òpìpí, adìẹ tí ìyẹ́ kì í pọ̀ lára rẹ̀, ni àlọ́ mi balẹ̀ sí.

Òun nìkan ló kù nínú ìran rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà á kí ìran náà má pa run. Nígbà tó wá pamọ, gbogbo ọmọ náà ló hùyẹ́ múlọ́múlọ́ bí òwú!

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ yọjú lẹ́yìn ọgbà. "Ìyá wa, ẹ kú ewu ọmọ. Àbí ojúlówó Òpìpí a máa hùyẹ́ báyìí? Ẹ kó àmúlùmálà yìí fún mi, kí wọ́n má ba ìran yín jẹ́."

Ọ̀rọ̀ ìran ti gun Òpìpí lórí. Ó ń ti ọmọ síta lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kọrin:

Èyí tó hùyẹ́ kì í ṣọmọ mi,
*Kó máa lọ!*
Àlejò ló yà sílé mi,
*Kó máa lọ!*

Ó ku ọ̀kan kí Pẹ́pẹ́yẹ, àgbà àdúgbò, tó wọlé. "Kí lò ń ṣe yìí?"

"Ojúlówó ni mò ń ṣà, ìyá."

"Ojúlówó ìyà! Ṣebí ìṣojú mi lo ṣe jáde nínú ẹyin. Òwú nìwọ náà gbé wáyé. Ìgbà tó o dàgbà ni ìyẹ́ kọ̀ ọ́!"

Òpìpí sáré fi àyà bo ọmọ tó kù. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ nu ẹnu. "Ìyá wa, èyí kì í ṣe àmúlùmálà mọ́ ni?"

Láti ara ọmọ kan ṣoṣo yẹn ni ìwọ̀nba Òpìpí ayé ti wá. Bí wọ́n bá bi yín ohun tó sọ wọ́n di ọ̀wọ́n, ẹ má bá Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wí. Ìyá wọn ló ń bu oúnjẹ fún un.