Béèsì Kékeré Bọ́lárìnwá

Láti ìgbà èwe ni Bọ́lárìnwá ti ń ta gítà béèsì nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn n'Íléṣà, kí rọpárọsẹ̀ tó mú un lọ́wọ́ òsì. Ọwọ́ náà sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ìka kò nà ká ọrùn gítà gígùn mọ́. Ó wá di ẹni tó ń jókòó lẹ́yìn, tí kì í kọrin. Ó dùn ún wọra.

Ni ọmọ rẹ̀ obìnrin bá fi béèsì ukulélé ránṣẹ́ sí i láti Èkó. Ohun èlò kékeré ni, ọrùn rẹ̀ kò gùn, okùn rẹ̀ rí bíi rọ́bà, síbẹ̀ ohùn rẹ̀ nínú sípíkà a máa mi ilẹ̀. Bí kò bá sí waya àti bátìrì, ẹni tó gbé e mọ́yà nìkan ni yóò gbọ́ ọ. Bátìrì bá a wá, nínú ọ̀rá.

Ó gbé e tọ Nehemiah lọ, olórí ẹgbẹ́ akọrin, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́.

"Nehemiah, mo ti dé o. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ bá fi àánú gbé mi sórí àga onígítà yẹn, ẹ ò ní rí ẹsẹ̀ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì yìí mọ́."

"Àánú kẹ̀? Ẹ̀yin ọ̀gá mi! Ẹ gbé e sílẹ̀ kí n bá yín tò ó. Ọ̀rọ̀ bátìrì, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, èmi ni n ó máa mójú tó o."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Nehemiah ki waya bọ̀ ọ́. Tiwalolúwa, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, mú orin. Bọ́lárìnwá ta okùn, ohùn béèsì sì bú jáde. Ìka rẹ̀ ṣìnà. Ohùn kò ṣìnà. Ìka rẹ̀ pẹ́. Ohùn kò pẹ́. Omijé ayọ̀ bọ́ lójú rẹ̀.

"Oore-ọ̀fẹ́ ni," ló ń wí fún gbogbo ẹni tó bá kí i. "Ibi tí ọwọ́ mi ò bá dé, Ọlọ́run ló ń bá mi dé e."

Tiwalolúwa, tó máa ń na ọwọ́ òsì sókè nígbà ìyìn, kò nà án mọ́; apá ibi tí ohùn ti wúwo lórí kíbọ́ọ̀dù ni ọwọ́ náà ń wà. Bọ́lárìnwá fi gítà ńlá àtijọ́ ta á lọ́rẹ. Ọmọ náà gbà á, kò wò ó lójú.

Ọdún yípo. Ṣọ́ọ̀ṣì kan n'Òṣogbo gbọ́ ìròyìn, wọ́n ní kó wá jẹ́rìí níbi ìkórè wọn, kó sì dá béèsì rẹ̀ ta. Nehemiah yarí.

"Ẹ ní kí wọ́n sún un síwájú. Èmi àti Tiwalolúwa ń lọ sìnkú n'Íbòkun lọ́jọ́ yẹn."

"Ta ló bi ọ́ bóyá o ráyè? Ṣé ọmọ jòjòló ni mí?"

N'Òṣogbo, ó jẹ́rìí, ìjọ hó yèè. Ó gbé béèsì mọ́yà, ó ta á. Kò sí ohùn. Ó tún ta á. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn.

Ìwàlẹwà, ọmọbìnrin tó ń mójú tó sípíkà, sáré wá pààrọ̀ waya.

"Bàbá, bóyá bátìrì yín ló kú."

"Kú bí i ti báwo? Ohun tó mi Iléṣà tìtì lọ́sẹ̀ tó kọjá!" Ó kọjú sí ìjọ. "Òṣómàáló ni mí o! Òṣó ni n ó ṣó síbí títí ohùn mi yóò fi jáde."

Ìjọ rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Ìwàlẹwà tú ìdérí ẹ̀yìn béèsì náà, ó yọ bátìrì lé Bọ́lárìnwá lọ́wọ́: ọ̀rá tí wọ́n fi wé e láti ilé iṣẹ́ ṣì wà lára rẹ̀, kò tíì ya.