Lotfi, Ògbufọ̀ Tó Ń Gé Ọ̀rọ̀ Kù

Àìnísùúrù ni àléébù Lotfi. Kì í ṣe olè, kì í sì í ṣe ìkà. Ẹni tó bá pè é ní ìkà purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ kò lè dúró kí ẹnìkan parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tó yàn láàyò, iṣẹ́ kéèyàn gbọ́ ọ̀rọ̀ tán ni.

Ògbufọ̀ àwọn adití ni ní ilé ìwòsàn kan níhìn-ín ní ìlú Sfax. Adití ni wọ́n bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Saloua, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Lotfi sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ sọ̀rọ̀ kó tó mọ̀wé kà. Nígbà tó dàgbà, ó ní òun kò ní ṣe iṣẹ́ mìíràn. Òun ló jà fitafita títí wọ́n fi wó àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, tí wọ́n fi ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rọ́pò rẹ̀ fún àwọn tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ. Òun ló ní kí wọ́n gbé iná tó ń ṣẹ́jú síbi tí àwọn aláìsàn ń jókòó sí, kí adití lè mọ̀ pé ó ti kan òun. Inú gbogbo ènìyàn dùn sí i, wọ́n sì fi í ṣe ọ̀gá lórí gbogbo ètò tó jẹ mọ́ àwọn akanda ẹ̀dá níbẹ̀.

Bí ipò rẹ̀ ṣe ń gòkè ni sùúrù rẹ̀ ń wálẹ̀. Adití a fọwọ́ ròyìn títí, Lotfi a yíjú sí dókítà, a ní, "Inú ló ń run ún." Ó parí. Àwọn dókítà fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, nítorí kì í fi àkókò wọn ṣòfò.

Saloua ló kọ́kọ́ kìlọ̀ fún un, lọ́jọ́ tí wọ́n jọ lọ rí dókítà ojú. Nígbà tí wọ́n délé tí wọ́n jókòó ti oúnjẹ, ó fọwọ́ gbá tábìlì kí àbúrò rẹ̀ lè wo òun.

"Kí lo sọ fún dókítà yẹn?"

"Ohun tẹ́ ẹ sọ náà ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Irọ́! Mo rojọ́ títí apá fi ń ro mí. Ìwọ la ẹnu lẹ́ẹ̀kan péré, o pa á dé."

Lotfi rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fọ́mọlúàbí."

"Ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ló ń sọ àbọ̀," ni Saloua fọwọ́ dá a lóhùn. "Ta ló ní kí ìwọ jẹ àbọ̀ tó kù?"

Lotfi bu ẹja sẹ́nu, ó ní ata ti pọ̀ jù nínú ọbẹ̀. Ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.

Ó di ọjọ́ kan, àwọn àlejò ń bọ̀ láti Tunis, olú ìlú, wá wo iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n fẹ́ mú un lọ sọ́hùn-ún kó máa kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí Dókítà Makram ránṣẹ́ pe Lotfi. Zakia, tí wọ́n ń pè ní ìyá Nizar, ló wà níwájú dókítà. Adití ni, ilé iṣẹ́ ẹja inú agolo ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Ìṣó ti gún un lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ náà sì wú.

Zakia bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí bàtà rẹ̀ tó ti gbó, ó kọjá sórí ọ̀gá tó ní kó má tíì lọ sílé, ó wá dórí ìlú Mahdia, níbi tí wọ́n ti gún un ní abẹ́rẹ́ kan rí tí ọ̀fun rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dí pa. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dé Mahdia, ẹnu ọ̀nà ni Lotfi ń wò.

"Kí ló wí?" ni dókítà bi í.

"Ìṣó ló gún un lẹ́sẹ̀, dókítà. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ṣé oògùn kankan wà tí ara rẹ̀ kọ̀?"

Zakia ló yẹ kó bi. Kò bi í. "Rárá, kò sí," ló sọ, ó sì sáré jáde lọ bá àwọn àlejò rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì gbé abẹ́rẹ́ dé. Bí Zakia ṣe rí i, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè: Èwo nìyẹn? Ṣé ti Mahdia ni? Nọ́ọ̀sì rò pé ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ló ń bà á. "Ẹ fara balẹ̀, màmá, kò dunni," ló wí, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ. Ọwọ́ ni ẹnu adití, wọ́n sì ti di ẹnu náà mú.

Kò pẹ́ tí ojú Zakia fi wú, tí kò lè mí mọ́. Àwọn dókítà sáré sí i, Ọlọ́run sì dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Àmọ́ nígbà tó fi jí, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti rọ. Ọwọ́ náà gan-an ló fi ń sọ̀rọ̀.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ wádìí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n pe ògbufọ̀ mìíràn láti ìlú Sousse. Ọwọ́ òsì ni Zakia fi sọ̀rọ̀, ó ń ṣe kátikàti bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sọ, ògbufọ̀ náà sì dúró dè é títí ó fi parí. Ẹnu ẹlòmíràn ni Lotfi ti wá gbọ́ ọ̀rọ̀ Mahdia. Ó fi ọwọ́ bojú, ó bú sẹ́kún, ó sì kúnlẹ̀.

"Ìyá Nizar, ẹ forí jì mí."

Zakia gbé ọwọ́ òsì sókè, ó ní, "Mo ti forí jì ọ́, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n má ṣe bá mi sọ̀rọ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́ láé."

Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹlòmíràn sì ni àwọn ará Tunis mú lọ. Àmọ́ ìyẹn kọ́ ló dùn ún jù. Ilé tíì kan wà nítòsí ọjà ẹja, tí àwọn adití ti ń ta káàdì lọ́sàn-án, níbi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n láti kékeré. Ó lọ síbẹ̀. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ọwọ́ ń fò lókè bí ẹyẹ. Bí wọ́n ṣe rí i, ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń balẹ̀ sórí itan. Kò sẹ́ni tó bú u. Wọ́n fún un ní àga, wọ́n gbé tíì fún un. Saloua pàápàá wà níbẹ̀, orí káàdì rẹ̀ ló tẹjú mọ́. Lotfi mu tíì náà tán, ó dìde, ó jáde. Nígbà tó wẹ̀yìn láti ìta, ó rí i lójú fèrèsé pé ọwọ́ wọn ti tún gbéra.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ láàárín àwọn akanda ẹ̀dá, àti gbogbo ẹni tí a fi ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn sí lẹ́nu, ẹ kọ́gbọ́n. Òótọ́ ni àwọn àgbà wí pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n wọn kò ní ká gbé ìdajì iṣẹ́ náà dànù sọ́nà. Ìfẹ́ tí a ní sí ènìyàn kò sọ wá di ẹni tó ni ẹnu rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, nítorí a kò mọ èyí tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú rẹ̀.