Ìwẹ̀ Àárọ̀ Iṣẹ́ Abẹ

Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, nọ́ọ̀sì gbé ìgò ọṣẹ olómi pupa kan fún ìyá àti ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ó ní apakòkòrò ni, kí wọ́n má fi ìpara kankan ra ara lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa fi wẹ̀ o."

Ìyá gbọ́ òórùn rẹ̀, ó mọ̀ ọ́n. Irú rẹ̀ ni wọ́n ń fi nu orí ọmú màlúù níbi tí wọ́n ti ń fún wàrà, níbi tó ti ṣiṣẹ́ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kọ̀ ọ́. Oníṣègùn eyín ń fún èèyàn ní irú rẹ̀ láti fi ṣan ẹnu. Irú rẹ̀ náà ló fi tọ́jú ìwọ́ ọmọ yìí títí ó fi já.

Ọmọ ló gbé omi wọ balùwẹ̀. Ìyá jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú, ó ń fọ ẹ̀yìn ọmọ.

"Màámi, ẹ rọra. Èmi kì í ṣe màlúù o."

"Màlúù gbọ́ràn jù ọ́ lọ."

Ọmọ rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ ìyá dé ìhà òsì, ibi tí dókítà fi bírò fàmì sí. Ó dúró níbẹ̀.

"Tí o ò bá wá jí ńkọ́?"

"Màá jí."

"Ohun tí àwọn tí kò jí náà sọ nìyẹn. Ọmọ ló ń sin ìyá. Ìyá kì í sin ọmọ."

"Màámi, a ti sọ̀rọ̀ yìí tán."

Ìyá ṣan ọṣẹ kúrò lára rẹ̀, ó so okùn aṣọ iṣẹ́ abẹ fún un lẹ́yìn, ó tún un so.

"Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ẹ ò tíì wẹ̀."

"Ṣé ìwọ lo bí mi ni? Máa lọ, mò ń bọ̀."

Dókítà bi ọmọ léèrè fún ìgbà ìkẹyìn bóyá ó gbà.

"Mo gbà."

Wọ́n gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà. Ó nawọ́ kí ìyá rẹ̀ dì í mú. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì wo balùwẹ̀, ó wo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní ìyá kan ti wọ́ ẹsẹ̀ kọjá, ó sì sọ fún òun pé iṣẹ́ abẹ ò sí mọ́.

Kò sí ohun tó ń ṣe ọmọ náà rí: ìyá ni kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti kú, ìyá sì ni wọ́n fẹ́ yọ ọ̀kan lára ti ọmọ fún.