Bátìrì Wíwú Tí Gékódọ́gba Dì Mọ́ Koríko

Ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, kó jọ̀ọ́ kà á tán. Ìdajì rẹ̀ kò lè gba ẹnikẹ́ni là.

1.
Bàbá kan wà tó ń tọ́jú ọgbà fún àwọn onílé. Gékódọ́gba ni wọ́n ń pè é, torí tó bá gé ewéko tán, ẹ óò rò pé rúlà ló fi wọ̀n ọ́n. Nígbà tó wá ra ẹ̀rọ ìgéwé tí kò ní wáyà, tó jẹ́ bátìrì ló ń gbé e ṣiṣẹ́, ìyìn tún lé sí i. Àmọ́ tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, inú àhéré páànù ẹ̀yìnkùlé ló ń jù ú sí, tòun ti bátìrì lára. Oòrùn ń yan páànù náà, òjò ń jò wọ inú rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ yọ bátìrì yẹn, kí ẹ gbé e síbi tó gbẹ, tí oòrùn ò dé. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀."

"Ṣé páálí ló fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni?"

2.
Kò pé oṣù mẹ́fà tí bátìrì náà fi wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó gbé e lọ bá obìnrin tó ń kó àpò ìdọ̀tí sínú ọkọ̀ akódọ̀tí. Àǹtí Ìbọ̀wọ́ ni àdúgbò ń pè é, torí kì í bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́.

"Bàbá, ẹ má bínú, a kì í gba èyí. Irin ọkọ̀ yìí ń tẹ ìdọ̀tí pọ̀ ni. Tó bá tẹ bátìrì, iná dé nìyẹn. Ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti rà á ní àpótí tí wọ́n ń gba àlòkù sí, kí wọ́n lè fi ṣe òmíràn. Tó bá jìn sí yín, ẹ lẹ téèpù mọ́ ojú irin rẹ̀, ẹ gbé e sínú iyanrìn. Màá bá yín gbé e lọ lọ́jọ́ Ẹtì."

"O ṣé," ni Gékódọ́gba fi dá a lóhùn. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ní, "Akódọ̀tí lásánlàsàn!"

3.
Kò dúró de ọjọ́ Ẹtì. Nígbà tí ọkọ̀ padà wá ní Ọjọ́bọ̀, ó ti ki bátìrì náà sáàárín koríko nínú àpò, ó sì ti so ó pinpin. Àǹtí Ìbọ̀wọ́ kí i, ó gbé àpò, ó jù ú sínú ọkọ̀. Irin tẹ̀ ẹ́. Nǹkan kan dún gbàù, iná bú jáde. Obìnrin náà fi apá bo ojú, ṣùgbọ́n iná ti jó o.

Awakọ̀ sáré bọ́lẹ̀, ó fà á sẹ́yìn. Gékódọ́gba dúró lẹ́nu géètì. Kò lè lọ síwájú, kò lè padà sẹ́yìn.

4.
Ọjọ́ mẹ́rin ni kò fi sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó jẹ́wọ́ fún ìyàwó rẹ̀, ìyẹn sì gbé bàtà rẹ̀ síwájú rẹ̀. "Ẹ dìde, ẹ lọ sọ ọ́ fún un."

Ní ọsibítù, báńdéèjì bo apá Àǹtí Ìbọ̀wọ́ àti ojú rẹ̀ òsì.

"Èmi ni," ni Gékódọ́gba wí. "Inú koríko mi ló wà."

Obìnrin náà fi ojú tó kù wò ó.

"Bàbá, mo ṣáà ní màá bá yín gbé e lọ."

Ojú òsì yẹn kò ríran mọ́, Àǹtí Ìbọ̀wọ́ kò sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí àwọn onílé gbọ́, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ọgbà wọn lọ́wọ́ Gékódọ́gba lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kò fi ku ẹyọ kan.

Ẹ̀yin tó ń ka èyí, ẹ yọ bátìrì lára ẹ̀rọ kí ẹ tó gbé e pamọ́. Èyí tó bá wú, ẹ má ṣájì í, ẹ má sì jù ú sínú ìdọ̀tí. Ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń gba àlòkù. Ẹni tó máa gbé àpò yín, èèyàn bíi tiyín ni. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.